Ẹ Má Fi Orúkọ Eré Bẹ̀rẹ̀: Bí Olùkọ́ P.E. ní Ẹ̀pẹ́ Ṣe Lè Tún Ètò Ẹ̀kọ́ SS1 sí SS3 Tò

Ẹ ṣí ìwé ètò iṣẹ́ olùkọ́ P.E., ìyẹn ẹ̀kọ́ eré ìdárayá, ẹ wo ohun tó kọ fún SS1. Orúkọ eré lẹ sábà máa bá níbẹ̀: fọ́líbọ́ọ̀lù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, háńbọ́ọ̀lù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, eré sísá títí ìdánwò á fi dé. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́ ọ sórí pé pápá fọ́líbọ́ọ̀lù gùn ní mítà 18, ó sì fẹ̀ ní mítà 9, pé ti háńbọ́ọ̀lù gùn ní mítà 40, ó sì fẹ̀ ní mítà 20. Á kọ ọ́ sínú ìdánwò, á gba máàkì. Ẹ wá pàdé rẹ̀ lọ́jà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, kí ẹ bi í pé kí ló ń lò nínú ohun tí ẹ kọ́ ọ. Ẹ̀rín ló máa fi dá yín lóhùn.

Ó ń dùn mí, torí pé a ò ní ẹ̀kọ́ mìíràn ní iléèwé tí ọmọ ń fi gbogbo ara kọ́ báyìí. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi sọ ni bí a ṣe lè tún ètò ọdún mẹ́ta náà tò sórí èrò mẹ́rin péré, irú èrò tó jẹ́ pé bó bá ti yé ọmọ, kò ní í fojú àná wo ara rẹ̀ àti àyíká rẹ̀ mọ́. Orúkọ eré á ṣì wà níbẹ̀. Ìwọ̀n pápá á wà níbẹ̀, WAEC náà á sì rí tirẹ̀ gbà. Àyè tí a fi kálukú wọn sí ló máa yí padà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ro ọmọ náà dé ogójì ọdún

Ẹ gbé sílábọ́ọ̀sì tì ná. Ẹ mú bébà kan, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ yín ṣì máa ṣe nígbà tó bá pé ẹni ogójì ọdún. Ẹ ronú kan àwọn tí ẹ mọ̀: ìyá tó ń yan ẹja tà ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ níbí, tó ń bẹ̀rẹ̀ sídìí iná láti àárọ̀ dalẹ́, ọkùnrin tó ń jí lọ sí ibi iṣẹ́ ní Lẹ́kì, tó ń fi wákàtí gbáko jókòó sínú ọkọ̀ lálọ àti lábọ̀, ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi lójoojúmọ́ tí kò mọ odò wẹ̀. Kí ló yẹ kí a ti kọ́ wọn?

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa ṣe ìdárayá tó ń mú ọkàn lù kìkì, ó kéré tán ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ bí a bá pín in dọ́gba láàárín ọ̀sẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ọdún 11 sí 17 káàkiri ayé, 81 ni kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Píríọ́dù P.E. kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ kò lè dí àlàfo yẹn láé. Ohun tó lè ṣe ni pé kó fún ọmọ ní ìdí àti ọgbọ́n tí á fi máa dá a ṣe nílé. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé èrò ló yẹ kó ṣáájú.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yan èrò mẹ́rin, ẹ má jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ

Gbogbo òótọ́ nípa eré kọ́ ló ń yí èèyàn padà. Òótọ́ ni pé èèyàn mọ́kànlá ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan, àmọ́ ta ni ìyẹn sọ di ẹni ọ̀tun? Ìbéèrè mẹ́ta ni mo fi ń sẹ́ èrò kí n tó gbé e sórí ètò. Ṣé ó tako ohun tí ọmọ ti gbà gbọ́ kó tó wọ kíláàsì? Ṣé ara ló máa fi mọ̀ ọ́n, yàtọ̀ sí pé kó fetí gbọ́? Ṣé á wúlò fún ọmọ tí kò ní í fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù mọ́ lẹ́yìn tó bá jáde? Èyí tí kò bá yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, abẹ́ èyí tó yege ni kẹ́ ẹ fi sí.

Àwọn tí mo yàn rèé. Ẹ lè rí èyí tó bá iléèwé yín mu ju tèmi lọ.

Èkíní ni pé ara a máa dà bí a bá ṣe lò ó. Ọ̀pọ̀ ọmọ gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá kálukú ló máa wà, alágbára ni alágbára, ẹni tó ń mí hẹlẹ hẹlẹ ni yóò máa mí hẹlẹ hẹlẹ. Bẹ́ẹ̀, ọkàn àti iṣan a máa lágbára sí i bí a bá ń fún wọn níṣẹ́ tó ju ti àtẹ̀yìnwá díẹ̀, tí a sì ń jẹ́ kí wọ́n sinmi. Bí a bá pa wọ́n tì, wọn á dẹ̀.

Èkejì, ojú ló ń gbá bọ́ọ̀lù kí ẹsẹ̀ tó gbá a. Ọmọ tó rí àyè kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ wúlò fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ju ẹni tó lè ta bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ fún ogún ìgbà lọ.

Ẹ̀kẹta, a lè yọ èèyàn nínú omi láì bẹ́ sínú omi. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi èyí síbẹ̀ nítorí pé etí ọ̀sà ni Ẹ̀pẹ́ wà, màá sì padà sórí rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, èèyàn ló ṣòfin eré, èèyàn sì lè tún un ṣe kí gbogbo wa lè bá wọn ṣeré. James Naismith, olùkọ́ eré ìdárayá bíi tiwa, ló dá básíkẹ́tì sílẹ̀ ní Springfield, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1891, torí ó ń wá eré tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè ṣe nínú ilé nígbà òtútù. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, ní 1895, William Morgan rí i pé básíkẹ́tì le jù fún àwọn àgbàlagbà tó wà lábẹ́ àkóso rẹ̀, ló bá ta nẹ́ẹ̀tì sáàárín kí ẹnikẹ́ni má baà máa forí sọ ara wọn. Bí fọ́líbọ́ọ̀lù ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ sọ ìtàn yìí fún SS1, kí ẹ sì wo ojú ọmọ tó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ńṣe ni òfin eré já bọ́ láti ọ̀run.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ sọ èrò kọ̀ọ̀kan di ìbéèrè

Èyí kò gba àkókò. Dípò kí ẹ kọ “Ètò ìgbẹ́jẹ̀káàkiri” sórí bọ́ọ̀dù, ẹ kọ “Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọkàn mi bí mo bá ń sáré lójoojúmọ́?” Dípò “Ọgbọ́n ìgbógunti nínú háńbọ́ọ̀lù”, ẹ kọ “Níbo ni kí n wà nígbà tí bọ́ọ̀lù kò sí lọ́wọ́ mi?” Ìbéèrè kan fún sáà kan ti tó. Ẹ jẹ́ kó wà lókè bọ́ọ̀dù láti ọ̀sẹ̀ kìíní títí dé ọ̀sẹ̀ ìdánwò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ pinnu ẹ̀rí kí ẹ tó kọ lesson note

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń yí i po. A máa ń kọ lesson note mọ́kànlá tán, ká tó wá ronú ìdánwò. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: bí èrò yìí bá ti wọ ọmọ yìí lára, kí ni máa rí tó ń ṣe? Fún èrò kìíní, ẹ̀rí lè jẹ́ ìwé kékeré tí ọmọ fi ń kọ ìlù ọkàn rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú àlàyé ẹnu tirẹ̀ nípa ohun tó yí padà. Fún ìkejì, kó dúró sí etí pápá, kó máa sọ ibi tó yẹ kí bọ́ọ̀lù lọ kó tó lọ. Fún ìkẹta, kó ju okùn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà ní mítà mẹ́jọ sí mẹ́wàá sí i. Fún ìkẹrin, kó tún òfin eré kan ṣe, kí kíláàsì ṣe é, kó sì lè sọ ìdí tó fi tún un ṣe. Ìgbà tí ẹ bá ti mọ ẹ̀rí ni ẹ máa mọ ẹ̀kọ́ tó yẹ kó ṣáájú àti èyí tí ẹ lè fò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: SS1, sáà kìíní, ìlù ọkàn

Ẹ kó wọn lọ sábẹ́ igi. Kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí kálukú fi ìka ìtọ́ka àti ìka àárín tẹ ọrùn ọwọ́ kejì jẹ́jẹ́, ní ọwọ́ ibi tí àtàǹpàkò wà, títí á fi gbọ́ ohun tó ń lù níbẹ̀. Kí wọ́n má fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ o, torí òun náà ní ìlù tirẹ̀ nínú, á sì da kíkà rú. Ẹni tí kò bá rí i ní ọrùn ọwọ́, kó wá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ gògóńgò. Ẹ fi fóònù yín ka ìṣẹ́jú àáyá 15, kí wọ́n kà, kí wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó ka 19 kọ 76 sínú ìwé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa bọ́ sáàárín 60 sí 100.

Ẹ wá ní kí wọ́n dìde, kí àwọn kan sáré yí pápá ká, kí àwọn kan ta tẹ́n-tẹ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni, tẹ́n-tẹ́n. Ọmọbìnrin tó máa ń ní òun kì í ṣe eléré, tó máa ń jókòó ti báàgì àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, òun gan-an ni ẹ máa rí tí ọkàn rẹ̀ ń lù bí tàwọn tó sáré. Ẹ jẹ́ kó ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè fún gbogbo kíláàsì. Kí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kan lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú kan géérégé, kí wọ́n tún un kà. Bí ẹnì kan bá ka 140 lẹ́yìn eré, tó wá ka 116 lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, 24 ló fi wálẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi àmì sí.

Iṣẹ́ àmúrelé wọn ni pé kí kálukú yan ìdárayá kan tó lè ṣe ní àyíká ilé rẹ̀, ní ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀: fífo okùn, gígun àtẹ̀gùn, rírìn kánmọ́kánmọ́ láti ilé dé jẹ́tì. Kí wọ́n máa fi díẹ̀ kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà àti ìkọkànlá, ẹ tún ìdánwò náà ṣe, ní àsìkò kan náà lójúmọ́, torí oòrùn ọ̀sán máa ń mú kí ọkàn lù yára. Lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tó ṣe é déédéé, nọ́ńbà tí wọ́n fi àmì sí yẹn á ti lé sí i. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa wá kọ́ wọn ní ètò ìgbẹ́jẹ̀káàkiri, iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, àti ìlànà fífi ẹrù kún ẹrù. Wọ́n á gbọ́ ọ, torí ara tiwọn lẹ̀ ń sọ.

Kí ẹnikẹ́ni tó sáré, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS àti ọmọ tó ní ásímà. Ẹ bi wọ́n níkọ̀kọ̀, ẹ kọ̀wé sí òbí. Ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde lè ṣe ìdárayá níwọ̀nba, bí dókítà rẹ̀ bá fọwọ́ sí i: kó máa mu omi dáadáa, kó sinmi nígbà tó bá fẹ́ sinmi, kó má dúró sínú oòrùn tàbí òjò. Kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa pè é ní ọ̀lẹ ní kíláàsì yín.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Eré kékeré kí eré ńlá tó dé

Ní ọdún 1982, David Bunker àti Rod Thorpe, àwọn olùkọ́ ní Loughborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dábàá pé kí olùkọ́ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ ṣeré, kó rí ìṣòro tó wà nínú rẹ̀, kó tó wá kọ́ ọ ní bí a ṣe ń ju bọ́ọ̀lù tàbí bí a ṣe ń gbá a. Ọ̀nà yẹn bá wa mu gan-an, pàápàá níbi tí bọ́ọ̀lù méjì bá wà fún ọgọ́rin ọmọ.

Ẹ fi bàtà tàbí ike omi tí ẹ rọ iyanrìn sí sàmì sí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà mẹ́wàá níhà kọ̀ọ̀kan. Èèyàn mẹ́rin ní bọ́ọ̀lù, méjì ń wá a gbà. Ẹni tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún ìṣẹ́jú méjì láì dá sí i. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa rọ́ lọ bá bọ́ọ̀lù. Ẹ fọn fèrè: “Ẹ dúró bí ẹ ṣe wà!” Kí ẹnikẹ́ni má mira. Ẹ wá bi ẹni tó jìnnà sí bọ́ọ̀lù jù lọ pé, “Níbo ni àyè wà?” Ẹ má dá a lóhùn. Á wò yíká, á nawọ́ sí igun kan, á sì rìn lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, kí eré máa lọ. Tí ẹ bá ṣe èyí ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún, ẹ óò rí i tí orí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yí kiri kí bọ́ọ̀lù tó dé.

Àwọn tí kò sí nínú eré kò gbọdọ̀ jókòó lásán. Kí kálukú wọn máa wo ẹnì kan, kó máa fa ìlà fún gbogbo ìgbà tí onítọ̀hún bá sún sí àyè. Bí sáà bá ti dé ìdajì, ẹ pín kíláàsì sí ẹgbẹ́ tí kò ní í yí padà títí dé òpin sáà, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní kóòṣì, rẹfirí, akọ̀wé àmì ayò àti ẹni tó ń kọ ìròyìn eré. Daryl Siedentop ará Amẹ́ríkà ló sọ ètò yìí di mímọ̀. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá lè di rẹfirí tí gbogbo kíláàsì ń bọ̀wọ̀ fún.

Ìgbésẹ̀ keje: SS2, omi

Ọ̀sà ló yí wa ká. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kan ń wọkọ̀ ojú omi wá sílé ìwé, àwọn kan jẹ́ ọmọ apẹja, àwọn kan ò sì tíì fẹsẹ̀ kan omi rí bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń rí i lójoojúmọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 300,000 èèyàn ló kú sómi káàkiri ayé ní ọdún 2021, ọmọdé àti ọ̀dọ́ sì pọ̀ nínú wọn. Mi ò rí bí olùkọ́ ní Ẹ̀pẹ́ ṣe máa kọ́ ọmọ ní ìwọ̀n pápá tẹ́níìsì, tí kò ní í kọ́ ọ ní èyí.

Ẹ gbọ́ o: ẹ má kó ọmọ kankan wọ ọ̀sà. Bí ẹ bá rí adágún ìwẹ̀ tó ní ẹ̀ṣọ́ tó mọṣẹ́, tí òbí sì buwọ́ lùwé, ó dáa, kí wọ́n fi bí a ṣe ń léfòó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí, orí ilẹ̀ iléèwé tó fún ohun mẹ́ta yìí.

Àkọ́kọ́ ni jákẹ́ẹ̀tì amúniléfòó. LASWA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà omi ní ìpínlẹ̀ Èkó, kà á sí dandan fún gbogbo èrò ọkọ̀. Ẹ yá bíi mẹ́ta wá láti jẹ́tì. Kí ọmọ wọ̀ ọ́, kó de gbogbo okùn rẹ̀, kí ẹlòmíràn wá di èjìká jákẹ́ẹ̀tì náà mú, kó fà á sókè. Bó bá yọ kọjá àgbọ̀n dé etí, kò dè é dáadáa, tàbí kó ti tóbi jù ú lọ. Inú omi, orí rẹ̀ ló máa bọ́ gbà.

Ìkejì ni kẹ́ẹ̀gì àti okùn. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún, ẹ bu omi díẹ̀ sí i kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ, ẹ dé e pa, ẹ so okùn tó gùn tó mítà méjìlá mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ fa ìlà sílẹ̀, ìyẹn ni etí omi. Kí ọmọ kan jókòó sí mítà mẹ́jọ, lápá kan, kó máa pariwo bí ẹni tó ń rì. Ẹni tó fẹ́ yọ ọ́ á kọ́kọ́ ké sí àwọn èèyàn, á di ìdí okùn mú gírígírí, á ju kẹ́ẹ̀gì kọjá ẹ̀gbẹ́ orí onítọ̀hún kí okùn lè bọ́ sí i lọ́wọ́, á wá bẹ̀rẹ̀ tàbí kó dùbúlẹ̀ kó tó máa fà, kí ẹni tó ń rì má baà fà á wọlé. Ọ̀pọ̀ ló máa tàsé lẹ́ẹ̀kíní. Kí wọ́n ká okùn náà, kí wọ́n tún un jù. Ẹ bi wọ́n lẹ́yìn náà pé kí ló dé tí a ò ní kí wọ́n bẹ́ sómi. Àwọn ọmọkùnrin á jiyàn, torí wọ́n gbà pé akin ni ẹni tó bẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á láàárín ara wọn. Ẹni tó ń rì a máa di ohunkóhun tó bá rí mú, á sì tì í sábẹ́ omi kí òun lè mí.

Ìkẹta ni ìtọ́jú ẹni tí wọ́n bá gbé jáde tí kò mí. Ẹ pe nọ́ọ̀sì tàbí àwọn Red Cross wá kọ́ wọn ní títẹ àyà, ní ìwọ̀n ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, àti bí a ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Kí gbogbo wọn mọ nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì l'Ékòó sórí, 767 tàbí 112.

Ẹ tún pe bàbá apẹja kan wá bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ìjì, ìgbì àti ibi tí omi ti jìn. Àwọn ọmọ tó wá láti abúlé etí omi, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀, ni wọ́n máa di olùkọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo fẹ́ràn ọjọ́ yẹn ju gbogbo ọjọ́ yòókù nínú sáà lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ tún òfin ṣe kí gbogbo wọn lè wọlé

Iṣẹ́ SS3 ni mo fi èyí ṣe, àmọ́ láti SS1 ni olùkọ́ fúnra rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ máa ṣe é. Mùsùlùmí pọ̀ láàárín wa ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ má fi ìdárayá líle sí àsìkò Jímọ̀. Nínú oṣù Ràmàdáánì, ẹ gbé iṣẹ́ rẹfirí, ìṣirò àmì ayò, ayò ọlọ́pọ́n àti ìnara sí ojú ètò, kí sísá dúró dìgbà tí ààwẹ̀ bá parí. Ọmọbìnrin tó ń wọ híjáàbù lè ṣeré nínú rẹ̀. FIFA gbà á láyè ní 2014, FIBA, àjọ básíkẹ́tì àgbáyé, gbà á ní 2017, kò sí ìdí tí iléèwé ìjọba á fi le jù wọ́n lọ. Ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn àti ṣòkòtò gígùn tí kò fún mọ́ra ti tó.

Kí SS3 pín sí ẹgbẹ́, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú eré kan, kí wọ́n wá ẹni tí òfin rẹ̀ lé síta: ẹni tó ń tiro, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ẹni tí ń bẹ̀rù bọ́ọ̀lù. Kí wọ́n yí òfin kan tàbí méjì padà, bóyá kí wọ́n rẹ nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kúrò ní mítà 2.43 tó wà fún ọkùnrin tàbí 2.24 tó wà fún obìnrin, kí bọ́ọ̀lù kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó lù ú. Kí kíláàsì ṣe é, kí wọ́n sọ ohun tó dára nínú rẹ̀ àti ohun tó bàjẹ́. Ẹ rí i pé wọ́n ti mọ ìwọ̀n nẹ́ẹ̀tì láì kọ́ ọ sórí.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ so ó mọ́ WAEC, kí ẹ tó lọ bá pírìnsípà

Ẹ fa ìlà sí àárín bébà. Kọ kókó sílábọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan sí apá òsì, kí ẹ kọ ìbéèrè tó máa gbé e sí apá ọ̀tún. Ara ẹ̀dá àti ìmúlera lọ sábẹ́ ìbéèrè kìíní, ọgbọ́n eré lọ sábẹ́ ìkejì, ààbò àti ìtọ́jú pàjáwìrì sábẹ́ ìkẹta, ìtàn, òfin àti ìwọ̀n pápá sábẹ́ ìkẹrin. Èyí tí kò bá ríbi wọ̀, ẹ fi píríọ́dù kan kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, kò burú. Ìdánwò àṣefihàn (practical) wà nínú P.E. ti WAEC, ẹni tó sì ti ń ṣeré fún ọdún mẹ́ta kò ní í bẹ̀rù rẹ̀.

Bébà yẹn ni kí ẹ mú lọ bá pírìnsípà kí sáà tó wọlé. Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ fún: píríọ́dù méjì tó tẹ̀ léra, dípò méjì tó dá dúró, torí pípààrọ̀ aṣọ àti rírìn lọ sí pápá máa ń jẹ ìdá kan nínú mẹ́ta píríọ́dù ẹyọ kan. Máàkì CA náà, èyí tí ọmọ ń kó jọ láàárín sáà, ẹ fi ìdajì rẹ̀ sórí ìwé kékeré àti ẹ̀rí tí mo sọ lókè, kí ìdajì tó kù jẹ́ ìdánwò kíkọ.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀, ẹ má gbé gbogbo ọdún mẹ́ta lé ara yín lórí. SS1 àti ìbéèrè kìíní nìkan ni kẹ́ ẹ mú. Ní ọjọ́ kìíní, ẹ kọ ìbéèrè náà sórí bọ́ọ̀dù, kí kálukú kọ ìdáhùn rẹ̀ sójú ewé àkọ́kọ́ ìwé kékeré rẹ̀, kó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, kó má sì pa á rẹ́ bó tilẹ̀ ṣàṣìṣe. Ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá, kó kọ ìdáhùn tuntun sábẹ́ ìlà náà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni kẹ́ ẹ fún ní máàkì.